Ìrìn-àjò mi lọ ra aṣọ tartan ní Skọ́tlándì: yáàdì mẹ́jọ fún kilt tí màá fọwọ́ ara mi rán

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Àwọn tó ń bi mí pé ibo ni mo wọlé sí, Skọ́tlándì ni mo lọ, aṣọ ni mo lọ rà. Ọmọ mi obìnrin àgbà fẹ́ ṣègbéyàwó, ọmọ Skọ́tlándì ni ọkọ rẹ̀, a sì ti jọ fẹnu kò pé lọ́jọ́ ìdána àwọn àna wa á wọ aṣọ òkè, tó bá wá di ọjọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, èmi náà á wọ kilt, ìyẹn síkẹ́ẹ̀tì onípílíìtì tí àwọn ọkùnrin Skọ́tlándì máa ń wọ̀, bíi tiwọn. Tẹ́lọ̀ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Manchester níbí, mi ò lè gbé aṣọ tí màá fi fa ọmọ mi lé ọkọ lọ́wọ́ fún ẹlòmíì rán. Èmi fúnra mi ni màá rán an. Aṣọ tartan tí wọ́n fi ń rán an ló kù, ìyẹn aṣọ wúùlù tí ìlà aláwọ̀ oríṣiríṣi gba òòró àti ìbú rẹ̀ kọjá.

Aṣọ yẹn gan-an ló ti kọ́kọ́ dùn mí. Mo ti ra ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní oṣù méjì sẹ́yìn, ẹni tó tà á kọ ọ́ síbẹ̀ gbàgàdà pé wúùlù ni. Nígbà tó dé, ọwọ́ mi ti mọ̀ kí ojú mi tó mọ̀, ó ń yọ̀, ó tutù bákan. Mo fa fọ́nrán òwú kan yọ létí rẹ̀, mo ṣáná sí i. Òwú wúùlù, tí iná bá kàn án, bí irun tó ń jóná ló máa ń rùn, tí ẹ bá fi ìka fọ eérú rẹ̀ ó máa fọ́ lẹ́búlẹ́bú. Èyí yọ́ ni, ó sì gan di kóró kékeré líle kan lórí àwo. Pólíẹ́sítà. Owó ti lọ, ẹni náà ò dá mi lóhùn mọ́ títí dòní. Ìyàwó mi ló ní, "Daddy, ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń hun ún, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín kàn án." Bí mo ṣe gbéra nìyẹn.

Furaidé

Tíréènì àárọ̀ ni mo wọ̀ ní Piccadilly, ó gba Preston, ó gba Lancaster àti Carlisle, ó wá wọ Skọ́tlándì. Nígbà tí a dé Lockerbie mo rántí pé Annan ò jìnnà síbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n bí Hugh Clapperton sí ní 1788, òyìnbó tó gba Àgbádárìgì wọlé tó sì rin títí dé Ọ̀yọ́ Ilé lọ́dọ̀ Aláàfin ní 1826. Mo ń wo ilẹ̀ tó ti jáde wá lójú fèrèsé, koríko tútù, òkè, àgùntàn, àgùntàn ṣáá. Mo ní ṣé ẹ rí i, òwú wọn ló ń jẹko níta yẹn.

Mo sọ̀kalẹ̀ ní Waverley, ibùdókọ̀ ojú irin ní Edinburgh, mo sì rìn gba Royal Mile kọjá, òpópónà tó ti ibi ààfin orí àpáta sọ̀kalẹ̀ lọ sí Holyrood. Ṣọ́ọ̀bù tartan pọ̀ níbẹ̀ bí ṣọ́ọ̀bù léèsì ṣe pọ̀ ní Gbàgì. Mo wọ bíi mẹ́rin. Mo ń yí inú aṣọ síta, mò ń ka àkọlé ara rẹ̀: àwọn kan acrylic, àwọn kan pólíẹ́sítà tí wọ́n pò mọ́ viscose, àwọn kan sì jẹ́ wúùlù lóòótọ́ ṣùgbọ́n ó fẹ́lẹ́. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má rà á o, ẹni tó fẹ́ fi jó lálẹ́ ọjọ́ kan, ó tó o. Èyí tí èmi ń wá, ọmọ-ọmọ mi ló máa jogún rẹ̀.

Ilé àwọn àna mi ni mo sùn sí. Bàbá ọkọ ọmọ mi ní kí n máa pe òun lórúkọ, ẹnu mi ò gbà á, "àna mi" ni mò ń pè é, òun náà sì ti kọ́ ọ, ó ń pè mí ní àna. Lẹ́yìn tí a jẹun tán, ó gbé kilt bàbá tiẹ̀ jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n fi bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé e. Gordon ni tartan náà, àwòrán ìlà ti ìdílé wọn, ìyẹn búlúù, dúdú àti gríìnì, tí ìlà yẹ́lò tín-ín-rín kan gba àárín gríìnì kọjá. Mo ní kó jẹ́ kí n yí inú rẹ̀ síta.

Ẹ̀yin tẹ́lọ̀ ẹgbẹ́ mi, ẹ wá gbọ́. Ọwọ́ ni wọ́n fi rán an látòkè délẹ̀. Pílíìtì 27 ni mo kà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n rán ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ra láti ìbàdí títí dé ibi tí ìdí ti fẹ̀ jù, ibẹ̀ ni wọ́n wá ti fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa fì. Ránṣọránṣọ yẹn ò já fọ́nrán kan. Ìlà yẹ́lò jókòó sáàárín gbogbo pílíìtì yẹn gẹ́lẹ́, tí ẹ bá dúró lẹ́yìn ẹni tó wọ̀ ọ́, yẹ́lò ló máa tò lọ gbọọrọ gbọọrọ. Àna mi ní bí àwọn sójà Gordon Highlanders ṣe máa ń ṣe tiwọn nìyẹn, ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1794 tí wọ́n sì da pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ mìíràn ní 1994. Àwọn aráàlú mìíràn máa ń pílíìtì lọ́nà kejì, wọ́n á ká a tó jẹ́ pé tí gbogbo pílíìtì bá jókòó tán, àwòrán tartan á tún hàn lẹ́yìn bíi pé ẹnikẹ́ni ò ká aṣọ rárá. Méjèèjì dáa, méjèèjì le.

Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni mo wá wò. Kò sí ìṣẹ́po. Kò sí ẹyọ ìránṣọ kan nísàlẹ̀ kilt yẹn! Etí aṣọ, bó ṣe jáde látorí ẹ̀rọ ìhunṣọ, òun náà ló wà nísàlẹ̀. Bàámi tó hun òfì ní Ìsẹ́yìn títí tó fi darúgbó máa ń sọ pé etí aṣọ lojú ahunṣọ, ẹni tí etí aṣọ rẹ̀ bá rí wúruwùru kò ì tíì mọṣẹ́. Mo fi ìka tọ etí kilt yẹn yí ká, mo sì rántí bàbá mi gidi gan.

Mo bi àna mi bóyá ó tọ́ kí èmi wọ tartan ìdílé wọn. Ó ní kò sófin tó dè é. Ó ní èyí tí wọ́n ń pè ní Balmoral, tí Prince Albert ọkọ Queen Victoria ṣètò, ìdílé ọba ló ń lò ó, àwọn yòókù, ọ̀wọ̀ lèèyàn ń fi wọ̀ wọ́n. Ó wá ní ṣebí ọmọ rẹ ń bọ̀ wá jẹ́ orúkọ wa, tó o bá wọ̀ ọ́ inú wa á dùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo tún ti rí i pé tí ẹni tó ta ayédèrú yẹn fún mi bá tiẹ̀ fún mi ní wúùlù, mi ò bá ṣì padà wá ra òmíì. Gordon ni mo bèèrè, Gordon ló sì fún mi, ṣùgbọ́n búlúù ti àna mi mọ́lẹ̀ bí ojú ọ̀run àárọ̀, gríìnì rẹ̀ bí ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, tèmi sì dúdú kirikiri. Orúkọ kan náà, ètò ìlà kan náà, aró ló yàtọ̀. Èyí tó dúdú ni wọ́n ń pè ní modern, èyí tó mọ́lẹ̀ ni ancient, ó wà tí wọ́n ń pè ní weathered tó rí bíi pé oòrùn àti òjò ti pa á fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ má wulẹ̀ sọ orúkọ tartan nìkan tí ẹ bá fẹ́ rà á. Ẹ sọ irú aró rẹ̀.

Satidé

Àna mi mú mi lọ sọ́dọ̀ màmá kan tó ń rán kilt, wọ́n ti ń ṣe é kí n tó dé ìlú òyìnbó. Yàrá kékeré kan báyìí, tábìlì gígùn, àyọ́ọ̀nù tó wúwo, ìdì aṣọ dé òrùlé. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé tẹ́lọ̀ ni mí wọ́n fi àga sílẹ̀ fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Nǹkan tí wọ́n kọ́ mi láàárín wákàtí méjì, mi ò rí i kà níbì kankan bẹ́ẹ̀.

Wọ́n gbé aṣọ mẹ́ta sí mi lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ounce 10 tàbí 11, fífúyẹ́. Ounce 13, àárín. Ounce 16, òun ló wúwo. Ohun tí nọ́ńbà yẹn ń sọ ni pé tí ẹ bá gé yáàdì kan nínú aṣọ náà pẹ̀lú gbogbo fífẹ̀ rẹ̀, bó ṣe máa wọ̀n nìyẹn. Wọ́n ká ọ̀kọ̀ọ̀kan ní pílíìtì mẹ́ta, wọ́n gbé e sókè, wọ́n mì í. Èyí tó fúyẹ́ ń fò kiri bí ìwé. Ounce 16 yẹn lọ, ó bọ̀, gbogbo pílíìtì padà sí àyè rẹ̀. Wọ́n ò tiẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n kàn wojú mi. Mo ní mo ti gbọ́, mà.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí pé, "Yáàdì mélòó lo fẹ́ rà?" Mo ní mẹ́jọ, ṣebí mẹ́jọ ni gbogbo èèyàn ń pè. Wọ́n ní sett rẹ̀ ń kọ́? Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin tó bá máa rán kilt fúnra yín dì mú, torí ibi tí owó ti ń ṣòfò nìyí. Sett ni àwòrán tartan kan láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ títí dé ibi tó ti padà bẹ̀rẹ̀. Ó lè jẹ́ íǹṣì 5, ó lè jẹ́ 8, tartan kan náà gan-an lè tóbi nínú aṣọ tó wúwo kó sì kéré nínú èyí tó fúyẹ́, torí òwú aṣọ tó wúwo ki jù. Pílíìtì kọ̀ọ̀kan sì ń jẹ sett kan odindi. Nítorí náà kì í ṣe ara yín nìkan ló ń sọ iye yáàdì, aṣọ náà ń dá sí i.

A jókòó ṣe ìṣirò rẹ̀. Ìdí mi íǹṣì 42. Ìlàjì rẹ̀, 21, ni iwájú tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìlàjì kejì ni pílíìtì. Tí pílíìtì kan bá hàn síta ní ìwọ̀n ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íǹṣì, 28 ló máa wà níbẹ̀. Ká ní sett jẹ́ íǹṣì 6, 28 lọ́nà 6 jẹ́ íǹṣì 168. Ká ní ó jẹ́ 7 àtààbọ̀, ó di 210. Iwájú tòkè àti iwájú tìsàlẹ̀ (méjì ni wọ́n o, ọ̀kan ń bo èkejì mọ́lẹ̀), pẹ̀lú àwọn tí wọ́n ń ká sínú, ń gbà tó íǹṣì 75. Fún sett kékeré, ìyẹn 243, kò pé yáàdì méje. Fún sett ńlá, 285, ó ku díẹ̀ kó pé yáàdì mẹ́jọ. Ìdí kan náà, ènìyàn kan náà, ìyàtọ̀ yáàdì kan lé! Ẹni tó bá ra méje tí sett rẹ̀ tóbi, iwájú kò ní kárí, tó bá sì padà lọ ra ìyókù, òwú tuntun lè má bá ti àkọ́kọ́ mu torí wọn ò rẹ wọ́n láró pọ̀.

Wọ́n tún kìlọ̀ fún mi pé kí n má kàn na téèpù láti ìlà yẹ́lò kan sí èkejì. Kí n wo inú búlúù tó wà láàárín wọn, ṣé bí àwọn ìlà dúdú ṣe tò nínú èyí ni wọ́n ṣe tò nínú tẹ̀yìn. Tí wọn ò bá bára mu, ìlàjì sett lo wọ̀n.

Wọn ò ní Gordon ancient ounce 16 nílẹ̀. Wọ́n ní kí n lọ Selkirk lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Nírọ̀lẹ́ a gba iwájú General Register House kọjá ní Princes Street, ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ National Records of Scotland, àwọn ló ń tọ́jú ìwé ìforúkọsílẹ̀ tartan tí òfin 2008 dá sílẹ̀, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní February 2009. Ọ̀fẹ́ ni ẹnikẹ́ni lè wá tartan níbẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Orílẹ̀-èdè tó jókòó ṣòfin nítorí àtitọ́jú aṣọ wọn! Mo ń ronú ẹtù, sányán, àlàárì àti àwọn orúkọ yòókù tí Bàámi mọ̀ tí kò sí nínú ìwé kankan, orí àwọn ahunṣọ ni wọ́n wà, tí bàbá kan bá sì kú lónìí, orúkọ mélòó kan bá a lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ò kúrò lọ́kàn mi títí mo fi sùn. Àna mi sọ fún mi pé kì í ṣe pé wọ́n bá a nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn ogun Culloden ní April 1746, ìjọba London ṣòfin pé ọkùnrin tàbí ọmọdékùnrin kankan ní Skọ́tlándì ò gbọdọ̀ wọ aṣọ ìbílẹ̀ àwọn ará Highlands, ìyẹn agbègbè olókè ní àríwá Skọ́tlándì, mọ́ àyàfi sójà ọba. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ni fún ẹni tí wọ́n bá kọ́kọ́ mú, tí wọ́n bá tún mú un, wọ́n á kó o lọ sí òkè òkun fún ọdún méje. 1782 ni wọ́n tó fagi lé òfin yẹn. Ọdún mẹ́rìndínlógójì.

Sọ́ńdè

A lọ ṣọ́ọ̀ṣì, a jẹun, òjò rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́.

Lọ́sàn-án mo pe ẹ̀gbọ́n mi ní Ìsẹ́yìn, àwọn ló jogún òfì Bàámi, àwọn náà ló ń hun aṣọ òkè tí àwọn àna wa máa wọ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o, ṣé ẹ rí fọ́tò kilt tí mo fi ránṣẹ́?" Wọ́n ní àwọn rí i, fọ́tò ò sì wúlò fún àwọn. "Àbúrò, fọ́tò ń parọ́. Ka òwú fún mi. Yẹ́lò yẹn, òwú mélòó ni? Dúdú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gríìnì ń kọ́?" Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe, wọ́n ní ṣé mo rò pé àwọn máa hun aṣọ fún àna wa kí àwọ̀ ilé wọn má sí nínú rẹ̀ ni? Wọ́n ní àwọn máa ta òwú náà sí ojú ìlà kan láàárín ẹtù, kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wò lè rí i.

Mo ní, Ẹ̀gbọ́n, lọ́la màá ka òwú.

Mọ́ńdè

Tíréènì Borders Railway la wọ̀ ní Waverley, èmi àti àna mi. Wọ́n ti ojú irin yẹn pa ní 1969, ìlú ìhunṣọ tó pọ̀ ló wà láìní rélùwéè títí di September 2015 tí wọ́n tún apá kan rẹ̀ ṣí. A bọ́ sílẹ̀ ní Galashiels, a wọ bọ́ọ̀sì X95 lọ Selkirk. Orí òkè ni ìlú náà wà, mílì ìhunṣọ ló tò sí ìsàlẹ̀ lẹ́bàá odò Ettrick, torí omi tó rọ̀ ni wúùlù ń fẹ́ kí wọ́n tó lè fọ̀ ọ́ kó mọ́ dáadáa.

Bí a ṣe ń rìn lọ lójú pópó, mo rí ère ọkùnrin kan lórí òpó gíga. Mo ka orúkọ rẹ̀, mo dúró. Mungo Park! Èyí tí wọ́n ń kọ́ wa nílé ìwé nígbà yẹn, tí a máa ń pariwo orúkọ rẹ̀ ní kíláàsì. Ọmọ abúlé Foulshiels nítòsí ibẹ̀ ni, 1771 ni wọ́n bí i, ọ̀dọ̀ dókítà kan ní Selkirk níbẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́, ọmọ dókítà yẹn náà ló sì fi ṣaya. Odò Ọya ló gbé e lọ ní Bussa ní 1806. Tí wọ́n bá ní odò kan wà tí omi rẹ̀ so Selkirk mọ́ ilẹ̀ wa, kì í ṣe Ettrick, Ọya ni. Wọ́n fi àwòrán àwọn èèyàn dúdú sí ìdí òpó náà. Kí ìyá mi tó bí mi ni Mungo Park ti wá sí ilẹ̀ wa, èmi náà rèé níwájú ère rẹ̀, aṣọ ni mo bá wá. Mo ní kí àna mi ya fọ́tò mi síbẹ̀.

Lochcarron, ilé ìhunṣọ tí orúkọ rẹ̀ jáde dáadáa nínú iṣẹ́ yìí, Selkirk ló wà, kì í sì í ṣe òun nìkan ló ti hunṣọ nílùú yẹn. Ibi tí a wọ̀, ọmọbìnrin kan ló dá wa lóhùn, mo sọ ohun tí mo fẹ́ bí màmá yẹn ṣe kọ́ mi: Gordon, ancient, wúùlù ounce 16, etí rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ etí kilt. Ojú rẹ̀ là. Ó mọ̀ pé mi ò wá ṣeré. Ó gbé ìdì aṣọ kan jáde, ó jù ú sórí tábìlì, ó tú u, pàù, pàù, pàù, bí àwọn onílèéṣì ṣe máa ń tú u ní Gbàgì gẹ́lẹ́.

Etí ni mo kọ́kọ́ mú. Àwọn aṣọ kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ máa ń ká orí òwú padà sínú létí, etí wọn á wá nípọn, irú ìyẹn kò dáa fún ìsàlẹ̀ kilt nítorí pílíìtì á máa wú. Èyí tẹ́jú dẹrẹ, òwú yí padà létí láìsí ìkókó kankan, nípọn etí àti nípọn àárín dọ́gba lábẹ́ àtàǹpàkò mi. Mo gbé e sí ìmọ́lẹ̀ lẹ́nu fèrèsé. Òwú ìbú ń gba orí méjì kọjá, ó ń gba abẹ́ méjì, ìlà tó tẹ̀lé e á sún síwájú ní ẹyọ kan, ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí ìlà kékeré tó dagun lójú tartan tí ẹ bá sún mọ́ ọn. Bí àwọ̀ ṣe tò ní òòró náà ló tò ní ìbú. Ibi tí búlúù bá ti pàdé búlúù, búlúù pọ́ńbélé ni. Ibi tó bá ti pàdé gríìnì, wọ́n á pín in ní ìdajì-ìdajì, ojú yín á wá rí àwọ̀ kẹta tí kò sí nínú òwú rárá. Àwọ̀ mẹ́rin péré ni wọ́n rẹ, mẹ́wàá ló jáde lójú aṣọ. Mo kà á lórí aṣọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mẹ́wàá ni.

Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọmọbìnrin yẹn kí n ka òwú. Ó fún mi ní gíláàsì kékeré tó ń sọ nǹkan di ńlá, èmi mú abẹ́rẹ́ jáde. Mo ń fi ẹnu abẹ́rẹ́ kan òwú lẹ́yọ lẹ́yọ, àna mi mú bírò ń kọ ọ́. Yẹ́lò, mẹ́rin. Mo tún kà á, mẹ́rin. Gríìnì, dúdú, búlúù, àwọn ìlà dúdú tín-ín-rín inú búlúù. Àna mi sọ pé látìgbà tí òun ti ń wọ Gordon, àádọ́ta ọdún ó lé, òun ò kà á rí. Ohùn rẹ̀ yí padà bó ṣe sọ ọ́. Mo gbé gíláàsì fún un, ó tẹ̀ síwájú, ó pẹ́ kó tó gbé orí sókè.

Téèpù: sett jẹ́ íǹṣì 7 àtààbọ̀. Mo wọ̀n ọ́n níbi mẹ́ta. Fífẹ̀ aṣọ jẹ́ íǹṣì 56, ìlàjì rẹ̀ 28, kilt tèmi láti òkè ìbàdí dé àárín orúnkún jẹ́ 24, ó kárí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á ra yáàdì mẹ́rin aṣọ fífẹ̀, wọ́n á là á sí méjì ní òòró, wọ́n á so méjèèjì pọ̀ níbi tí pílíìtì á ti bo ojú ìránṣọ, yáàdì mẹ́jọ nìyẹn. Apá kọ̀ọ̀kan ní etí kan tó máa wà nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n kí etí méjèèjì tó lè wà nísàlẹ̀, ẹ máa yí apá kan po, orí rẹ̀ á wá sí ìdí. Tí tartan bá jẹ́ èyí tó ń lọ tó sì ń padà bó ṣe lọ, bíi Gordon, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ pé ẹ yí i. Àwọn kan wà tí kì í padà bó ṣe lọ, tí ẹ bá yí irú ìyẹn po, ìlà ò ní bára mu mọ́. Ẹ bèèrè kí wọ́n tó gé e.

Mo ra mítà mẹ́rin, ó lé díẹ̀ sí yáàdì mẹ́rin, kí n lè rí díẹ̀ fi ṣe ohun tí wọ́n ń so mọ́ ìbọ̀sẹ̀. Mo ní kí wọ́n tú gbogbo rẹ̀ kí n yẹ̀ ẹ́ wò kí àlùmọ́gàjí tó kàn án, bóyá òwú já níbì kan, bóyá ìkókó wà. Ìkókó kan wà ní mítà kejì, kékeré, ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ ló tọ́ka sí i kí n tó rí i, ó fo ibẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n lẹ́yìn rẹ̀. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, mo sì fi tayọ̀tayọ̀ san án.

A jẹ bannock Selkirk kan, búrẹ́dì tí wọ́n kó èso gbígbẹ kún inú rẹ̀, a fi bọ́tà sí i. Òtútù pa wá títí a fi rí bọ́ọ̀sì.

Túsìdé

Mo padà sí Manchester. Orí itan mi ni mo gbé aṣọ náà lé, mi ò gbé e sókè síbi tí wọ́n ń kó ẹrù sí. Ó wúwo bí ọmọ tuntun.

Ọjọ́rú, nílé

Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa. Mo tẹ́ aṣọ sílẹ̀ lórí tábìlì gígùn, mo fi àyọ́ọ̀nù olóoru àti aṣọ tútù lọ̀ ọ́ pátá, kó lè fún tó bá máa fún kí n tó gé e. Mo dúró kó gbẹ. Mo fi òwú funfun sàmì sí ẹ̀gbẹ́ sett kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mi ò lo ṣọ́ọ̀kì rárá, torí ṣọ́ọ̀kì ń sá lọ lójú wúùlù. Ìyàwó mi di ẹ̀gbẹ́ kan mú, mo tọ àárín aṣọ náà lójú òwú dúdú kan ṣoṣo láti orí dé ìdí, mo fi àlùmọ́gàjí lá a. Mi ò yà kúrò lórí òwú yẹn. Lẹ́yìn náà mo ká pílíìtì àkọ́kọ́, mo fi yẹ́lò sí àárín, mo fi abẹ́rẹ́ gún un mọ́lẹ̀. Ó kù mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.

Ìgbà tí mo ń kó àwọn òwú tó tú létí ibi tí mo gé jọ ni Ẹ̀gbọ́n pè mí lórí WhatsApp, fídíò ni wọ́n fi pè. Wọ́n ti gba iye òwú tí mo fi ránṣẹ́ lálẹ́ Mọ́ńdè. Wọ́n yí fóònù sí òfì kí n rí i: ẹtù dúdú nìyẹn, ó ti gùn tó apá kan, ìlà gríìnì wà láàárín rẹ̀, òwú yẹ́lò mẹ́rin sì gba àárín gríìnì kọjá. Wọ́n ní, "Kà á." Mo fi ojú kà á, mo ní ó pé, Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n gbé fóònù kalẹ̀ láìpa á, wọ́n sì ń hun lọ. Mo fi tèmi náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lórí tábìlì, mo mú abẹ́rẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ pílíìtì kejì.